Ta Ni Ká Gbé Pùláànù Ilé Wa Fún?

   Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, gbogbo ohun tí mo sọ nínú fídíò ni mo kọ sílẹ̀ síbí, kí ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá dáadáa àmọ́ tí kíkà rẹ̀ ṣì ń yọ yín lẹ́nu lè máa fojú tọ ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé la fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀pọ̀ yín ló ń béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Sista, èmi àti àwọn àbúrò mi fẹ́ kọ́ ilé ẹbí sí Nàìjíríà. Ta ni ká ní kó yàwòrán ẹ̀?” Àwọn kan ní ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn wà tó mọ kọ̀ǹpútà lò. Àwọn kan ní ọ̀rẹ́ wọn tó jẹ́ geometra níbí á bá wọn yà á lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ fẹ́ ya nǹkan kan. Wọ́n ti rí ilé kan lórí Instagram, wọ́n á kàn fi fóònù han bíríkìlà kó máa wò ó kọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, n kì í ṣe ayàwòrán ilé, ìyẹn àkítẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ràn ìtàn, ìbéèrè yìí sì ti pẹ́ láyé ju bí a ṣe rò lọ. Àwọn tó lówó jù wá lọ ti bi ara wọn. Àwọn kan rí i ṣe, àwọn kan ò rí i parí. Ọ̀kan nínú èyí tí wọn ò parí wà láàárín ìgboro wa níbí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Piacenza ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Palazzo Farnese láìmọye ìgbà, ilé bíríkì gàgàrà tó wà ní Piazza Cittadella. Bí ẹ bá dúró wo ojú rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí i pé bíríkì lásán ni, bí ilé tí wọn ò tíì rẹ́. Òótọ́ ni, wọn ò parí rẹ̀. Ilé ẹbí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Margherita d’Austria, ọmọ olú-ọba Charles Karùn-ún, tó fẹ́ Ottavio Farnese, dúkù Parma àti Piacenza, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1558. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà fún ni Francesco Paciotto, ọmọ Urbino. Ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́, àmọ́ odi ogun ni iṣẹ́ tó mọ̀ jù. Ẹ̀yin ará Torino, òun náà ló padà wá yàwòrán Cittadella tiyín. Kò pẹ́ tí ilé Piacenza fi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Jacopo Barozzi, ẹni tí gbogbo èèyàn ń pè ní Vignola. Nígbà tó fi máa di 1561, Vignola ti gbé àwòrán mìíràn kalẹ̀, ilé náà sì ti ńlá sí i. Ó fẹ́ kí àgbàlá rẹ̀ ní ibi ìṣeré tí àwọn èèyàn á jókòó yí ká. Bí ẹ bá wọ inú àgbàlá yẹn lónìí, ẹ ó rí ojú ibi tó yẹ kó wà lára ògiri. Ibẹ̀ náà ló mọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó mú mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Ní 1559, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Philip Kejì ọba Sípéènì, tó jẹ́ ọmọ bàbá Margherita, fi í ṣe gómìnà lórí ilẹ̀ Netherlands. Ó sì wà níbẹ̀ títí di 1567. Ìyẹn ni pé ìyá náà wà ní Brussels, ilé rẹ̀ ń lọ ní Piacenza! Kò sí WhatsApp, kò sí fídíò kọ́ọ̀lù. Lẹ́tà ló ń gun ẹṣin lọ, tó ń gun ẹṣin bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi owó ránṣẹ́ sílé rí, tí wọ́n ní “ìpìlẹ̀ ti jáde o,” tí ẹ ò sì rí ìpìlẹ̀ náà, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. N ò sọ pé àìsínílé rẹ̀ nìkan ló fà á. Ilé náà ti pọ̀ jù, àwòrán ti yí lẹ́ẹ̀kan, owó sì níbi tó ń mọ. Vignola kú ní 1573. Wọ́n ṣì ń kọ́ ọ. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún fi máa bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ dúró, ohun tí wọ́n sì kọ́ kò tó ìdajì ohun tí Vignola yà.

(Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ilé yẹn ti di mùsíọ́mù báyìí, ohun tí mo sì fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ ni mo wí o, bí nọ́ọ̀sì. Ẹ̀dọ̀ àgùntàn tí wọ́n fi idẹ ṣe, tí wọ́n kọ orúkọ àwọn òrìṣà àwọn ará Etruria sí kélekèle lára. Àgbẹ̀ kan ló rí i nínú ilẹ̀ ní Gossolengo ní 1877. Àwọn babaláwo wọn, ká pè wọ́n bẹ́ẹ̀, máa ń wo ẹ̀dọ̀ ẹran kí wọ́n tó dáwọ́ lé nǹkan pàtàkì. Àwọn bàbá wa náà kì í dédé ta okùn sórí ilẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Ifá bóyá ibẹ̀ á tura. Ó dà bíi pé kò sí ibi tí ọkàn èèyàn ti balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́.)

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Bàbá wa fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ ní Òṣogbo. Àwa mẹ́ta la wà, èmi ni àgbà. Màámi ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́rin, wọ́n ní òtútù yìí ti tó, àwọn fẹ́ lọ sinmi nílé. Owó tí a fẹ́ fi kọ́ ọ kì í ṣe owó Farnese. Owó iṣẹ́ alẹ́ tèmi ni, owó tí àbúrò mi ọkùnrin fi ń gbé páálí ní ilé ìkẹ́rù ni, àti díẹ̀díẹ̀ tí àbíkẹ́yìn wa ń fi sí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré la lè kọ́ ọ. Bó bá bàjẹ́, kò sí owó míì, Màámi á sì máa dàgbà sí i nínú yàrá méjì tí a yá níbí. Nítorí náà n kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré.

Ẹ̀yin ará Padova, ó kàn yín. Ìlú yín ni wọ́n ti bí Andrea Palladio ní 1508. Ọmọ tálákà ni, òkúta gbígbẹ́ ni iṣẹ́ tó kọ́ láti kékeré. Vicenza ló sá lọ, ibẹ̀ ló ti ń gbẹ́ òkúta títí ọ̀mọ̀wé olówó kan tó ń jẹ́ Gian Giorgio Trissino fi rí ọgbọ́n tó wà lórí rẹ̀, tó mú un mọ́ra, tó mú un lọ sí Róòmù, tó sì fún un ní orúkọ Palladio yẹn. Ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí iṣẹ́ ilé yíyà tó gbé e dìde. Àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún un jẹ́ olówó Venezia àti Vicenza tí wọ́n ti ra oko, tí wọ́n fẹ́ ilé sí oko náà. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ilé tí Palladio yà fún wọn, bíi Villa Emo àti Villa Badoer, kì í ṣe òpó iwájú tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò rẹ̀. Apá méjèèjì tó nà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni. Abẹ́ wọn ni wọ́n ń kó ọkà sí, ibẹ̀ ni ohun èlò oko wà, ibẹ̀ lèèyàn á gbà rìn lójú òjò láìtutù. Palladio mọ̀ pé àgbẹ̀ ni onílé yìí, bó ti wù kó wọ aṣọ tó. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1570, ó ṣàlàyé pé ilé gbọ́dọ̀ bá ipò àti iṣẹ́ ẹni tó máa gbé inú rẹ̀ mu. Ó sì jẹ́wọ́ pé nígbà míràn ẹni tó ń náwó ló máa ń borí, kódà bí ohun tó fẹ́ ò bá tọ̀nà.

Ẹ wá wo ohun tí à ń ṣe. Àwa ń mú òpó Palladio lọ sílé, a ò mú àwọn apá méjèèjì yẹn. Ẹ lọ sí àwọn àdúgbò tuntun lẹ́yìn ìlú ní ilẹ̀ wa, ẹ ó rí òpó funfun mẹ́rin níwájú ilé, àtẹ̀gùn yíyí, pálọ̀ tí àjà rẹ̀ ga dé òkè kejì. Ẹyọ kan péré nínú ìdílé ló ń gbé inú rẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ooru mú débi pé ìta ló ń sùn.

Àwọn Yorùbá ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí á wo ilé nígbà náà, ilé tiwa, kí àkítẹ́ẹ̀tì kankan tó dé.

Agbo ilé àtijọ́ kò ní ìwé. Kò sẹ́ni tó fi gègé yà á. Baálé á fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, wọ́n á ta okùn, wọ́n á po amọ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí á fi kúná, wọ́n á mọ ìpele kan yí ká, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é: ọ̀rẹ́, àna, ẹgbẹ́, gbogbo wọn á wá, onílé á sì gbé oúnjẹ àti ẹmu kalẹ̀. Àwọn yàrá á tò yí àgbàlá ká. Níwájú àwọn yàrá ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa wà, abẹ́ òrùlé àmọ́ tí ojú rẹ̀ ṣí sí àgbàlá. Ẹ má ṣe rò pé ojú ọ̀nà lásán ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ayé ti ń lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò, ibẹ̀ ni ìyá àgbà ti ń rànwú, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń gbọ́ àlọ́ títí oorun fi máa gbé wọn lọ. Yàrá fúnra rẹ̀ ṣókùnkùn, ó kéré, nítorí pé oorun àti ẹrù nìkan ló wà fún. Òrùlé dà sínú àgbàlá, omi òjò ń ṣàn sínú ìkòkò tí wọ́n gbé síbẹ̀, ojú ihò kan sì wà tí ìyókù ń gbà jáde. Bí ọmọkùnrin bá gbéyàwó, wọ́n á fi yàrá kún un. Ilé yẹn kì í parí, kò sì sẹ́ni tó ń tijú pé kò parí.

Àwọn onímọ̀ tó ń kọ nípa ilé Yorùbá àti ti Ẹdó ní orúkọ tí wọ́n ń pe irú àgbàlá yìí: impluvium. Ẹ̀yin tí ẹ lọ ilé ẹ̀kọ́ níbí, ẹ gbọ́ “pioggia” nínú rẹ̀, àbí? Èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé tiwọn náà nìyẹn, òrùlé á dà sáàárín ilé, omi á kó jọ síbẹ̀. Àwọn ará Róòmù yìí kan náà ló tẹ Piacenza dó ní ọdún 218 ṣáájú ìbí Kristi. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún yín níbí pé ilé amọ̀ ni àwọn bàbá yín ń gbé, ẹ dá a lóhùn pé ilé tó ní impluvium ni.

Ìgbà wo wá ni a bẹ̀rẹ̀ sí í yan ẹni tó máa kọ́lé fún wa? Nígbà tí àwọn Àgùdà dé ni. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn èèyàn wa tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba, àti àwọn ọmọ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí Èkó, Àgbádárìgì, Porto-Novo. Wọ́n bá iṣẹ́ ọwọ́ dé: bíríkìlà wà nínú wọn, káfíńtà wà nínú wọn. Ìdí nìyí tí Pópó Àgùdà ní Èkó fi kún fún ilé tó ní fèrèsé olórí roboto àti òdòdó sìmẹ́ńtì lára ògiri. João Esan da Rocha jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Ìjẹ̀ṣà ni. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lọ sí Bahia, ibẹ̀ ló ti bí ọmọ rẹ̀ Candido ní 1860 kí wọ́n tó padà sí Èkó. Ó kọ́ ilé sí ọ̀nà Kakawa, ó gbẹ́ kànga sí i, ó sì ń ta omi fún ará Èkó láti inú kànga náà. Ìdí tí wọ́n fi ń pe ilé náà ní Water House títí dòní nìyẹn. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ilé ìṣafihàn ni ọkùnrin yìí kọ́. Kànga wà nínú ilé, owó ń ti inú kànga jáde, ìdílé ń gbé orí rẹ̀. Palladio ì bá gbóríyìn fún un.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yan ọ̀gá kọ́lékọ́lé nígbà náà? (Ẹ ṣọ́ àmì abẹ́ ọ̀rọ̀ o. Kọ́lékọ́lé ló ń kọ́ ilé. Kólékólé ni olè tó ń kó ilé. Àwọn kan wà nílé tó jẹ́ pé wọ́n ń ṣe méjèèjì pọ̀.) Iṣẹ́ tí ojú rí ni wọ́n fi ń yan èèyàn. Nígbà tí Mohammed Shitta, tí a mọ̀ sí Shitta Bey, fẹ́ kọ́ mọ́sáláṣí fún àwọn Mùsùlùmí Èkó, João Baptista da Costa, ọ̀gá Àgùdà, ni wọ́n gbé e fún. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Kò sí káńsù tó fún da Costa ní òǹtẹ̀. Ilé tó ti kọ́ ló jẹ́ ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sì lè rìn lọ wò ó, kó fi ọwọ́ kan ògiri rẹ̀, kó bi onílé bóyá ó ń jò.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ àwọn ọ̀gá yìí ló gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà wọ inú ilẹ̀ lọ, dé Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn, Iléṣà, dé Òṣogbo tiwa. Owó kòkó ló fà á lọ. Àmọ́ nǹkan kan sọnù lọ́nà, àgbàlá ni. Ilé Àgùdà ní ọ̀nà tóóró kan láàárín, yàrá ń kọjú sí yàrá lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí ó jẹ́ pé ìdílé kan ló ni gbogbo rẹ̀, kò sí wàhálà. Nígbà tí ìlú kún, tí onílé bẹ̀rẹ̀ sí í fi yàrá kọ̀ọ̀kan háyà, ọ̀nà tóóró yẹn di ti stóòfù, ti báàgì omi, ti ìjà. Ohun tí a ń pè ní face-me-I-face-you nìyẹn. Ẹni tó kọ́kọ́ yà á kò ro ìyẹn.

Kí ẹ má sì rò pé ilé tó dára kì í kú. Ilojo Bar ní Tinubu Square, ilé Àgùdà tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, ni ìdílé Ọlaiya rà ní 1933. Ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2016, ọjọ́ Sunday, wọ́n fi katapílà wó o. Mo wo fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù níbi iṣẹ́, mo kàn dákẹ́ ni.

Àwọn àkítẹ́ẹ̀tì tó gba ìwé ẹ̀rí dé lẹ́yìn èyí, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Wọ́n dá Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, tọkọtaya òyìnbó kan, Maxwell Fry àti Jane Drew, ló yàwòrán ilé rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tó ṣì wúlò: ilé tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ lè gba ojú fèrèsé kan wọlé kó gba èkejì jáde, pẹ̀lú ògiri oníhò tó ń dá oòrùn dúró tí kì í dá afẹ́fẹ́ dúró. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kàwé iṣẹ́ náà, irú Oluwole Olumuyiwa, dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1960. Ní 1969 ni òfin dá ARCON sílẹ̀, káńsù tó ń forúkọ àkítẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Níbí ní Italy, òfin 1923 ló dá Ordine sílẹ̀ fún àwọn architetto àti injiníà, òfin 1929 sì là á kalẹ̀ fún geometra pé ilé mọníwọ̀n ni tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé òǹtẹ̀ ilẹ̀ kan kì í ṣe òǹtẹ̀ ilẹ̀ kejì. Ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ geometra lè ya àwòrán tó rẹwà, kò lè fi òǹtẹ̀ rẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé ní Òṣogbo. Ẹnì kan níbẹ̀ máa ní láti fọwọ́ sí i. Bí ẹni yẹn bá ń fọwọ́ sí ohun tí kò yà, tí kò sì lóye, ta ni ẹ máa mú nígbà tí ògiri bá là?

Síbẹ̀, ìwé nìkan kọ́. Ní 2023, níbi ìpàtẹ àgbáyé lórí ilé yíyà ní Venezia, èyí tí Lesley Lokko ọmọ Ghana darí, wọ́n fún àgbàlagbà kan láti Nàìjíríà ní Golden Lion nítorí iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Demas Nwoko ni. Ọmọ Idumuje-Ugboko ni, kì í ṣe Yorùbá, àmọ́ Ìbàdàn ló ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ wo ilé ìsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé iṣẹ́ ọnà ni Nwoko kà ní Zaria, kò kàwé àkítẹ́ẹ̀tì. Ó po yangí mọ́ sìmẹ́ńtì, ó fi ṣe búlọ́ọ̀kù tí kì í gba ooru. Ó dá àgbàlá padà sínú ilé, pẹ̀lú omi òjò rẹ̀. Ibi tí à ń gbé níbí kò jìnnà sí Venezia, rélùwéè ni. Àwọn òyìnbó ń tò láti wo ohun tí àwa ń wó nílé.

Òṣogbo gan-an ní irú tirẹ̀. Adébísí Àkànjí, tó ṣe púpọ̀ nínú ògiri àti ère sìmẹ́ńtì tó wà nínú igbó Ọ̀ṣun, bíríkìlà ni kó tó di olókìkí. Nítorí náà, nígbà tí Màámi ní “bíríkìlà tó mọṣẹ́ ju àkítẹ́ẹ̀tì tó ń sọ òyìnbó lọ,” n ò lè bá wọn jiyàn púpọ̀. Mo kàn ní kí àwọn méjèèjì wà níbẹ̀.

Bí a ṣe wá ṣe é nìyí. A bá àkítẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ní orúkọ lọ́dọ̀ ARCON. Ẹni àkọ́kọ́ béèrè yàrá mélòó, ó sì fi àwòrán ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó yá jù fún mi, àfi bíi pé ó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnì kejì béèrè iye yúrò tí a ní kó tó kí wa. Ẹnì kẹta jẹ́ obìnrin kan ní Ìbàdàn. Ó ní kí a kọ́kọ́ fún òun ní nọ́ńbà Màámi. Òun àti Màámi sọ̀rọ̀ fún ohun tó lé ní wákàtí kan, Màámi ò sọ gbogbo rẹ̀ fún wa. Lẹ́yìn náà ló lọ sí ilẹ̀ náà ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ó wo ibi tí oòrùn ń gbà, ó wo ibi tí omi òjò ń ṣàn lọ, ó sì fún wa ní àdírẹ́sì ilé méjì tó ti yà kí ẹ̀gbọ́n màámi lọ bá àwọn onílé sọ̀rọ̀. Òun la mú. Owó rẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, pàápàá nítorí pé a fi owó ìbẹ̀wò sí i: yóò máa lọ wo iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ìpìlẹ̀, déékìn, òrùlé, kí owó tó jáde lọ́wọ́ wa. Àbúrò mi ní owó yẹn á ra bíi àpò sìmẹ́ńtì mélòó kan. Mo ní kó rántí Brussels.

Èyí tó kù jẹ́ ti nọ́ọ̀sì. Mo ti tọ́jú àwọn àgbàlagbà tó ṣubú tó pọ̀, mo mọ ohun tí eegun ìbàdí tó dá máa ń fi èèyàn ṣe. Yàrá Màámi gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, balùwẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, láìsí ìgbésẹ̀ kankan lẹ́nu ọ̀nà. Òfin Italy ti 1989 ní kí ẹnu ọ̀nà ilé fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 80, kí ti inú yàrá má dín sí 75, kí kẹ̀kẹ́ aláìlera lè kọjá. Mo fi nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́ sí akítẹ́ẹ̀tì wa, ó ní òun ti fi 90 sí i. Àgbàlá náà wà níbẹ̀, àmọ́ omi kò ní dúró nínú rẹ̀, nítorí ẹ̀fọn. Yóò ní gọ́tà tó dagun, àti àwọ̀n lójú gbogbo fèrèsé.

Ibi tí a há sí báyìí ni kíṣìnnì. Àkítẹ́ẹ̀tì fẹ́ kó wà nínú ilé. Màámi ní àwọn ò ní máa da ata sínú epo gbígbóná nínú ilé tí àwọn ń sùn, ẹ̀yìnkùlé làwọn fẹ́ ẹ, kí àwọn lè máa rí ẹni tó ń bọ̀. Àbúrò mi ní kí a ṣe méjì. Kò sí owó méjì. Ẹ sọ ohun tí ẹ rò fún mi nísàlẹ̀ fídíò, pàápàá ẹ̀yin tí ìyá yín ti padà lọ gbé nílé. Iṣẹ́ alẹ́ ń pè mí. Ó dàbọ̀.